Ìdí Tí A Fi Ń Jẹ́ Ókùkan

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará ilé wa tí ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ yín pé baba ńlá wa pa erin. Kò pa erin. Kò pa ẹkùn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá baba mi, tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bí i, ẹran tó tóbi jù tí ọkùnrin náà pa kí ogun tó dé ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan, ajá ló sì bá a mú un. Ìdílé ọba ni wá, a kì í ṣe ìdílé ọdẹ. Orúkọ tí à ń jẹ́ yìí, Ókùkan, ẹnu oníbodè la ti rí i, ojo ló sì kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ìyẹn bá ń tì lójú, kó lọ wá orúkọ mìíràn jẹ́.

Ọba márùn-ún ló ti jẹ́ ẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mọ odi kejì yí ìlú ká. Ọ̀kan ò lò ju oṣù mẹ́ta lọ lórí ìtẹ́. Ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́ pa orúkọ náà tì kó fi èyí tó dùn-ún gbọ́ rọ́pò rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló yarí, ó ní òun ò fẹ́ ọkọ tí kò mọ ibi tó ti wá. Èmi náà ti yarí. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ kejì ọba ni ọkùnrin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ àrẹ̀mọ, ló kó gbogbo ìgboyà tó wà nílé lọ. Tí àrẹ̀mọ bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn á máa kì í: "Ọmọ ọba tí í fàyà gbọfà! A-jí-kọ́kọ́-dójú-ogun! Bí o bá wà nílé, ilé ò lè jó!" Tí àbúrò bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Kò dun àbúrò. Ìyàwó rẹ̀ ń hun ẹní tà, òun náà sì mọ̀ ọ́n hun. Kó jókòó tì í lábẹ́ ìbòòji, kó máa bá a to koríko ẹní ní dọ́gba-dọ́gba, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọdún kẹta ogun ni ọ̀rọ̀ náà dé bá a. Àwọn ọ̀tá ti tẹ̀dó sí òdìkejì odò, wọ́n sì ti kó oúnjẹ tó lè tó wọn jẹ fún oṣù mẹ́fà jọ. Balógun fi èédú ya odò náà sílẹ̀ nínú yàrá ọba, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gún ibì kan lẹ́yìn àgọ́ wọn.

"Kábíyèsí, ahéré mẹ́ta ni. Gbogbo oúnjẹ wọn wà níbẹ̀. Ẹ fún mi ní àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá. A ò lọ jà, iná la fẹ́ lọ ti bọ̀ ọ́. Ebi ló máa bá wa ja ìyókù."

"Balógun, ẹsẹ̀ tiyín ni kò yá mọ́," ni àrẹ̀mọ wí. "Ẹ dúró ti odi. Èmi ni n ó lọ."

Ọba bi í pé, "Ènìyàn mélòó?"

"Òjìlérúgba. Àbúrò mi wà nínú wọn."

Ìjòyè kan rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Àbúrò wà níbi ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Àrẹ̀mọ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Òun ni ọwọ́ mi kejì, mi ò ní òmíràn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìkòkò báyìí, nítorí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ró. Nílùú náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sógun gbọ́dọ̀ mú òkúta odò kan dání. Ìkòkò ńlá kan wà nínú yàrá oníbodè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Olúkúlùkù á ju òkúta rẹ̀ sí i, á sì búra pé, "Mo ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà. Bí mo bá sẹ́yìn fún ẹgbẹ́ mi, kí n má bá ará inú odi gbé mọ́." Nígbà tí wọ́n bá ti ogun dé, olórí wọn á dúró síta, á dárúkọ àwọn tó kú, wọ́n á sì máa yọ òkúta kọ̀ọ̀kan fún wọn. Oníbodè á wá yọjú láti ihò ògiri, á ka orí àwọn tó dúró. Bí orí àti òkúta ò bá dọ́gba, ilẹ̀kùn ò ní ṣí, bó jẹ́ baba ọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀tá ò lè dọ́gbọ́n dàpọ̀ mọ́ wọn wọlé.

Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ihò wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ, òkúta nìkan ni oníbodè ń kà, kì í ka orí. Ta ni yóò rò ó pé ẹnì kan lè ju òkúta, kó búra, kó má sì lọ? Àwọn baba wa gbọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́n tó ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Àbúrò ju òkúta tirẹ̀. Ó gbọ́ bó ṣe dún nínú ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá oníbodè bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń kọrin. Ó ń so okùn bàtà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀pá mẹ́ta dábùú rẹ̀, ó ṣì ń so okùn bàtà. Ẹ̀rù ló bà á. Mi ò ní bá a wá àwáwí.

Láàárín ẹní tí wọ́n ká jọ ni ìyàwó rẹ̀ ti rí i ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ náà.

"Ṣé ogun ti parí ni?"

"Wọn ò tíì dé ibẹ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe láàárín ẹní mi?"

"Ẹsẹ̀ mi ló kọ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ò kọ̀. Ṣebí òun ló gbé yín dé ibí."

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó wá dìde, ó fa ẹní tó fẹ̀ jù bo ọkọ rẹ̀ lórí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gbé oúnjẹ fún un bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá sì wá ra ẹní, á ní èyí tó wà lẹ́yìn kò tíì gbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin ló bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀.

"Tí ẹ̀gbọ́n yín bá dé, kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Ọkọ rẹ̀ ní kó fún òun ní koríko ẹní, kí òun máa to ó.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ni ariwo sọ. "Wọ́n ti dé o! Wọ́n ti dé!" Gbogbo ìlú sá gun odi. Ìyàwó mú aṣọ ìbora rẹ̀, ó fi bo ọkọ rẹ̀ lórí bí arúgbó obìnrin, àwọn méjèèjì sì bá èrò gòkè. Ọkàn ọkùnrin náà ò gbà kó jókòó sílé. Ó fẹ́ rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ò fara pa.

Wọ́n dúró nísàlẹ̀ ní ìlà mẹ́fà, pẹ̀lú aṣọ ogun ìlú wa lára wọn, eruku bo gbogbo wọn lójú. Àrẹ̀mọ ló wà níwájú. Àwọn kan tí a mọ̀ dúró tì í, ọmọ alágbẹ̀dẹ, àkọ́bí amọ̀kòkò, méjìlá lápapọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn dojú bolẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀.

Oníbodè kì í sáré. Ojú kan ló ní, àwọn ènìyàn sì máa ń sọ pé ojú kan náà ń ríran ju méjì ẹlòmíràn lọ. Ó yọjú láti ihò, ó kà, ó tún un kà.

"Àrẹ̀mọ, ẹ dárúkọ àwọn tó kú."

"Kò sí ẹni tó kú!" ni àrẹ̀mọ pariwo. "A ti jó ahéré wọn! Òjìlérúgba la jáde, òjìlérúgba la dé!"

"Òjìlérúgba ni mo kà," ni oníbodè wí. "Ó pé."

Ayọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lórí odi. Ogun tí ẹnì kan ò bá lọ! Balógun fúnra rẹ̀ ń jó lórí ẹsẹ̀ tí kò yá mọ́. Oníbodè sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ọ̀pá kìíní. Ibẹ̀ ni àrẹ̀mọ tún gbé ohùn sókè.

"Ẹ bá mi sọ fún ìyá wa pé àbúrò mi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi! Òun ló ṣe akin jù nínú gbogbo wa! Kí wọ́n má mikàn, àbúrò mi wà níbí!"

Ìyá wọn wà lórí odi, ó na ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ké pé, "Àwọn méjèèjì! Àwọn ọmọ mi méjèèjì!" Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ọmọ kejì wà, lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ó wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà dí ojú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrẹ̀mọ, ọwọ́ ọkùnrin náà sì wà lẹ́yìn àrẹ̀mọ, kò jọ ọwọ́ ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ̀. Níbi tí wọ́n kọ́kọ́ sinmi lọ́jọ́ tí wọ́n jáde ló ti ka orí, tó rí i pé ẹnì kan dín, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ogun ti jẹ wọ́n, àwọn ọ̀tá ló sì wọ aṣọ àwọn tó kú. Nígbà tí àwọn ọ̀tá sì fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn, tí wọ́n bi í pé ènìyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀kùn tó ṣí, iye òkúta inú ìkòkò ló sọ fún wọn. Ó wá ń pariwo nípa àbúrò tí kò sí níbẹ̀. Nínú gbogbo ìlú, yàtọ̀ sí obìnrin tó ń hun ẹní, ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà lè yé. Àrẹ̀mọ ti fi gbogbo ìlú lé ojo lọ́wọ́.

Oníbodè yọ ọ̀pá kejì.

Tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ìyá wọn, òun náà á sì di ẹni tí wọ́n ń jù síta. Tó bá dákẹ́, ilẹ̀kùn á ṣí. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ọwọ́ oníbodè wà lórí ọ̀pá kẹta nígbà tí ọkùnrin náà já aṣọ kúrò lórí.

"Ẹ má ṣí i! Baba oníbodè, ẹ má ṣí i! Èmi rèé! Mi ò lọ!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá rẹ̀ yí padà, ẹ̀rín rẹ̀ ṣì wà lójú.

"Mo ju òkúta, mi ò lọ! Bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ yè, òjìlérúgba ó dín ẹnì kan ló yẹ kí wọ́n jẹ́! Ẹ wò mí dáadáa! Ta ni wọ́n wá ń pè ní èmi nísàlẹ̀ yẹn?"

Oníbodè ò béèrè nǹkan mìíràn. Ó da àwọn ọ̀pá náà padà kíákíá, ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rí i kó yára nìyẹn. Nísàlẹ̀, àrẹ̀mọ gbójú sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi! O ṣeun!"

Ohun tó ráyè sọ nìyẹn. Wọ́n pa á níbẹ̀, òun àti àwọn mọ́kànlá. Àwọn ìyókù fa àáké yọ, wọ́n kọlu ilẹ̀kùn, àwọn tiwa sì da òkò àti ọfà lù wọ́n láti òkè. Kò pẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sá sẹ́yìn kọjá ibi tí ọfà lè dé, wọ́n sì tẹ̀dó yí wa ká. Ilẹ̀kùn dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ìkòkò lọ sí yàrá ọba. Oníbodè ń dárúkọ àwọn tó lọ, ó ń yọ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ta nìyí, ọkọ ta nìyí. Ní gbogbo ìgbà tí orúkọ bá jáde, obìnrin kan á ké nínú àgbàlá. Ó tó wákàtí méjì kó tó dúró.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí.

Balógun na ọ̀pá sí ọmọ ọba. "Òun nìyẹn! Ókùkan! Ẹ pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará ilé, kí gbogbo ayé mọ ẹni tó sá. Kábíyèsí, òfin ò fojú wo ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó sẹ́yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé inú odi. Ojo ni!"

Ọ̀dọ́kùnrin náà dìde. 

"Ojo ni mí, Balógun. Mi ò jiyàn. Ojo náà ló sọ fún yín pé kí ẹ má ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀yin akin ń jó lórí odi. Ẹ jù mí síta, ẹnu mi ni mo fi búra. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan ni mo jẹ ní àforíjì, òun sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti àná.

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ pariwo pé o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun," ni obìnrin náà wí, "ṣé o mọ̀ pé ìwọ ló ń bá wí?"

"Mo mọ̀, ìyá mi."

"O sì mọ̀ pé bí o bá yanu, wọ́n á pa á?"

"Mo mọ̀."

Ọba fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Ó ní, "Mi ò lè sọ òfin di ẹlẹ́yà nítorí pé ọmọ mi ló rú u. Ẹ mú un lọ."

Wọn ò lè ṣí ibodè pẹ̀lú ọ̀tá níta, torí náà orí odi ni wọ́n mú un gùn kí wọ́n lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Balógun fúnra rẹ̀ so okùn mọ́ ọn níbàdí, ó dì í le. Ìyàwó rẹ̀ ò kúrò lẹ́yìn wọn.

"Ẹ so mí mọ́ ọn," ló wí.

"Ìwọ ò búra."

"Èmi ló fi ẹní bò ó lórí. Ẹ so mí mọ́ ọn, tàbí kí ẹ yé sọ pé òfin lẹ ń tẹ̀ lé."

Balógun ò tíì mọ èsì tó máa fún un nígbà tí ariwo sọ nísàlẹ̀. Olórí ogun àwọn ọ̀tá ti rìn sún mọ́ odi, àwọn tó gbé asà yí i ká. Ó rí àwọn ènìyàn lórí odi, ó rò pé ìpàdé ogun ni. Ó ké sí wọn.

"Ẹ̀yin ará inú odi! Ọba yín ti darúgbó, ikú ló ń dúró dè. Àrẹ̀mọ yín rèé nílẹ̀ níbí, eṣinṣin ló ń kùn sí i. Ta lẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀ jà? Nínú ilé ọba yín, ta ló kù?"

Balógun di okùn mú lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kù gan-an lòun fẹ́ jù síta. Lẹ́yìn wọn ni ìyá ọmọ ọba ti ń bọ̀. Kò sùn, kò jẹun, gèlè rẹ̀ ti tú. Ó rìn títí dé etí odi, débi pé oníbodè ní láti di ìró rẹ̀ mú kó má baà já sísàlẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan!"

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè.

"Ó ku ọ̀kan, ìwọ ọmọ àlè! Ókùkan lorúkọ rẹ̀! Òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú lánàá! Èyí tí o pa, èmi ni mo bí i. Èyí tó kù, èmi náà ni mo bí i. Wá mú un tí o bá tó bẹ́ẹ̀!"

Ó yí padà sí Balógun. Kò sí omijé lójú rẹ̀ rárá.

"Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀tá, wọ́n sì ti gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ lójú wọn, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò ku ẹnì kankan, ẹ jù ú sílẹ̀."

Ọmọ náà bọ́ sí etí odi. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Okùn ṣì wà níbàdí rẹ̀. Ó fi gbogbo ohùn tó ní ké orúkọ náà sísàlẹ̀, ó ké e lẹ́ẹ̀kan, ó tún ké e. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tó wà lórí odi bá a ké e, ìyàwó rẹ̀ ló ṣáájú wọn.

Balógun kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ó ti dì í le jù, eyín ló fi tú u nígbẹ̀yìn.